Ẹ Má Tètè Sìnkú Káàdì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ ìjà àti aáwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n èmi ti rí ibi tó ti bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu rẹ́gí. Kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, tí a tàn, tí fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n tí ojú mọ́nítọ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kì í la ẹnu sọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ló lè fa òkùnkùn kan ṣoṣo yẹn. Àwa tí a dúró tì í ni a máa ń yára bá a sọ̀rọ̀, ohun tó wọ́n jù nínú rẹ̀ ni a sì sábà máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ọmọlúàbí kan jẹ́ láàrin wa, kí n sì ṣàlàyé ọ̀nà tí a gbà tú u wò.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ẹgbẹ́ wa pinnu láti to kọ̀ǹpútà kan fún ara rẹ̀. A ní fídíò tó pọ̀ lọ́wọ́, èyí tí a gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà nígbà tí a lọ ṣe ìwádìí ní abúlé, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó wà lọ́wọ́ wa kò sì lágbára tó láti gé wọn kí ó sì tò wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ náà kò ṣeé fi falẹ̀, nítorí pé méjì nínú àwọn àgbà náà ti papò dà, a sì ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ wọn pé wọn yóò gbọ́ ohùn baba wọn ní ọjọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́.

Owó tí a fi oṣù méje dá ni a kó fún akápò wa, ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kẹta, pé kí ó lọ ra àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà náà ní ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. Ó ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun, àyàfi káàdì àwòrán, ìyẹn káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán fún kọ̀ǹpútà kí mọ́nítọ̀ tó lè gbé e jáde. Tòkunbọ̀ ni ó ra èyí, nítorí pé owó wa kò ká tuntun. GTX 1660 Super ni, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2019.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ló jókòó tò ó. Nígbà tí wọ́n tàn án, fáànù yí, iná mọ́lẹ̀ yòò nínú àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ ní òun kò rí ohunkóhun gbà. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, bákan náà ni. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ti dé orí akápò. Wọ́n ní òkú káàdì ló rà, ó sì ti fi owó tó kù sápò. A pe ìpàdé pàjáwìrì sí ọjọ́ Ẹtì, níbi tí wọn yóò ti yọ ọ́ nípò.

Kì í ṣe pé àwọn tó fẹ̀sùn kàn án kò ní ohun tí wọ́n dì mú. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ń fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ wa owó orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ethereum, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń lò ó. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà ni Ethereum yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà, tí kò fi nílò káàdì àwòrán mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní wọn sì dà wọ́n sí ọjà. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà lè ṣe kòńgẹ́ èyí tí wọ́n ti lò bí ẹrú. Ẹ̀rí wọn kejì tún lágbára ju èyí lọ. Pátákó ńlá tí a to gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mọ́, èyí tí a ń pè ní mọ́dábọ́ọ̀dù, ní iná kéékèèké mẹ́rin lára: ọ̀kan fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún RAM, ọ̀kan fún káàdì àwòrán, ọ̀kan fún ibi tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí. Bí a bá tàn án, iná wọ̀nyí a máa tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì máa kú bí ohun tí wọ́n ń ṣọ́ bá dáhùn. Ti káàdì àwòrán ni kò kú. Kí ni a tún ń wá?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni akápò wá sí yàrá mi. Ó mọ̀ pé mo máa ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù atún-kọ̀ǹpútà-ṣe kan ní Ìbàdàn nígbà ìsinmi. Kò sunkún. Ohun tó sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Bí ẹ bá rí i pé ó kú lóòótọ́, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, n ó wá owó náà san. Ṣùgbọ́n bí kò bá kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní olè ní ilé ẹ̀kọ́ yìí.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a pé jọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, àwọn tó fẹ̀sùn kàn án náà sì wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ fún wọn ohun tí ọ̀gá mi máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù: ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀. Bí a bá yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀, tí kọ̀ǹpútà sì jí, a kò ní mọ èwo nínú wọn ló jí i.

Mọ́nítọ̀ àti wáyà rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi wáyà HDMI kan náà so mọ́nítọ̀ náà mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, àwòrán sì yọ kedere. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé mọ́nítọ̀ kò jẹ̀bi, wáyà kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn èyí, mo ní kí a jọ wo àwọn iná mẹ́rin náà. Ti ọpọlọ tàn, ó kú. Ti RAM tàn, ó kú. Ti káàdì tàn, ó dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ ò rí i!” Mo dá a lóhùn pé ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí ni iná náà ń fi hàn, kò sọ ìdí tí ó fi dúró. Bí wọ́n bá pe orúkọ ẹnìkan ní kíláàsì tí kò dáhùn, ó lè jẹ́ pé ó kú, ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ ọn níta.

Mo yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà síta. Ihò méjì ló wà níbẹ̀ tí wáyà HDMI lè wọ̀: ọ̀kan lókè, lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ọ̀kan nísàlẹ̀, lára káàdì àwòrán. Ti òkè ni wọ́n ti wáyà bọ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà sì rèé, Ryzen 5 3600 ni, irú èyí tí kò ní ẹ̀yà àwòrán nínú ara rẹ̀ rárá. Ihò òkè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọpọlọ náà bá wà níbẹ̀, àwòrán kankan kò lè gba ibẹ̀ jáde láéláé. Mo yọ wáyà náà, mo kì í bọ ihò káàdì, a tan kọ̀ǹpútà.

Òkùnkùn.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Akápò wolẹ̀. Èmi sọ fún wọn pé ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dá ẹjọ́ èké, nítorí pé wọ́n rò pé àìsàn kan kì í ní ju okùnfà kan lọ. Bí ilẹ̀kùn kan bá ní àgádágodo méjì, tí a ṣí ọ̀kan, ilẹ̀kùn náà kò tíì ní ṣí, ṣùgbọ́n èyí kò wí pé kọ́kọ́rọ́ tí a lò kì í ṣe tirẹ̀.

Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Àsìkò ọyẹ́ ni, ara gbogbo wa gbẹ, iná orí aṣọ sì lè ba ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jẹ́. Nítorí náà, mo fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ìṣirò kan fún wọn. Káàdì yìí ń fẹ́ iná tó tó wáàtì 125 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ihò tí a kì í bọ̀ lára mọ́dábọ́ọ̀dù kò lè fún un ju wáàtì 75 lọ. Níbo ni ìyókù yóò ti wá? Láti ara wáyà ẹlẹ́nu mẹ́jọ tó ti inú àpótí iná wá ni. Wọ́n ṣe ẹnu wáyà náà ní ọ̀nà méjì, ẹyọ mẹ́fà lápá kan, ẹyọ méjì lápá kejì, kí ó lè bá oríṣiríṣi káàdì mu. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹyọ mẹ́fà wà nílé. Ẹyọ méjì sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn wáyà, ó ń fì dirodiro. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Mo pa méjèèjì pọ̀, mo tì í wọlé títí ó fi dún “kà”.

Bí mo ti ní kí a tàn án ni iná ìjọba lọ.

Wákàtí méjì ni a fi jókòó nínú ooru. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí iná dé, akápò fúnra rẹ̀ ni mo ní kó tẹ bọ́tìnnì náà. Iná kẹta tàn, ó kú. Ìkẹrin tàn. Ojú mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀, lẹ́tà funfun sì yọ sí i.

Ọ̀ràn kò tíì tán síbẹ̀. Nígbà tí a fi Windows sí i, lẹ́tà rẹ̀ tóbi gọ̀ǹgọ̀, àwòrán rẹ̀ kò sì dán. Àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé káàdì náà ń ṣojú bàìbàì. Mo ṣàlàyé pé Windows kò tíì mọ káàdì náà dáadáa ni, ètò ìlò tí ó bá gbogbo káàdì mu ló ṣì fi ń darí rẹ̀. A gba ojúlówó ètò ìlò láti orí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, a pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn, gbogbo rẹ̀ sì mọ́ gaara. Nítorí pé tòkunbọ̀ ni, mo fi iṣẹ́ fídíò tó wúwo sí i fún wákàtí méjì, mo ń ṣọ́ bóyá yóò gbóná jù, tàbí bóyá ilà àti àmì tótòtó yóò yọ lójú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣì kọ̀, ohun tí ó kù tí n bá ṣe ni kí n gbé káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọ̀ níbẹ̀ náà, ìgbà náà ni ènìyàn lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sàréè.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìwé tí a kọ gbogbo rẹ̀ sí ni a kà ní ìpàdé. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù nínú ẹ̀sùn náà dìde, ó bẹ akápò níwájú gbogbo ènìyàn, akápò sì gbà. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí láìlẹ́bi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò ra ohunkóhun fún ẹgbẹ́ mọ́, bí ó ti wù kó kéré mọ, àfi bí ẹni méjì bá tẹ̀ lé e. Káàdì a máa jí bí a bá kì í bọ ibi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ tí a ti sọ sí ọmọlúàbí lára kò ní wáyà tí a lè tún kì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí kọ̀ǹpútà tuntun yín bá kọ̀ tí kò fi àwòrán hàn, ẹ wo mọ́nítọ̀ àti wáyà, ẹ wo ihò tí ẹ kì í bọ̀, ẹ wo ẹnu wáyà iná, ẹ wo bóyá káàdì jókòó dáadáa, kí ẹ sì máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹ̀sùn ṣe ìkẹyìn. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.