Láti Ìsẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́ Lẹ́sẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọjọ́ Sátidé bá ti mọ́, àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù kan a máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun, kì í ṣe nítorí òwò, kì í sì í ṣe nítorí àtikí ẹbí, bí kò ṣe nítorí kí wọ́n lè rìn. Wọn a sọ̀ ní Seaford, wọn a gba orí àwọn òkè ẹfun tí ó dúró ṣánṣán létí òkun lọ títí wọn a fi dé Eastbourne. Ibẹ̀ ni wọn a sì tún ti wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí a bá ròyìn èyí fún àgbàlagbà kan ní Èkìtì, yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ó ń lé wọn.

Síbẹ̀, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta ní òwúrọ̀ lè sọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ó lọ gun Olúmọ, kí ó sì sùn sí ilé rẹ̀ ní Èkó lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró de ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré yóò dúró pẹ́. Ní ọdún 1901 ni ojú irin àkọ́kọ́ ti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 1907 ó dé Òṣogbo. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọ ojú sí àríwá, tí ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Kò bojú wo Èkìtì nígbà náà, kò sì tíì bojú wò ó títí di òní. Ará Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láyé ìgbà náà ní láti kọ́kọ́ la igbó àti òkè kọjá títí dé Òṣogbo, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi ń ṣe eré, òun ni àwọn baba Èkìtì fi ń jẹun.

Nínú àwọn ọ̀nà gúúsù Èkìtì, èyí tí ó lọ láti Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé kọ́kọ́ mọ̀. Ó lé ní 20 kìlómítà. Ẹni tí ó bá tètè jí, tí ìrì ṣì wà lórí koríko, tí kò sì yà jókòó sí ìdí ẹmu, yóò parí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tí ó wà nínú mọ́tò kò lè rí ju igi tí ó ń sá sẹ́yìn lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń gbọ́ bí ewé kòkó gbígbẹ ti ń ró wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀, òun ni ó ń gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá sí ojú oòrùn, òun náà ni ó sì ń mọ̀ ìgbà tí oko kòkó tán tí ebè iṣu bẹ̀rẹ̀. Odò Ògbèsè wà ní ìhà ibẹ̀ tí ó ń ṣàn lọ sí gúúsù. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, a máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ a yàtọ̀.

Ní ìhà gúúsù Ìsẹ̀ ni igbó ọba wà, níbi tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ti rí àwọn ìnàkí díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù. Irú ìnàkí yìí kò sí ní ibòmíràn lágbàáyé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ. Bí wọ́n bá gé igbó náà tán, kò sí ibi tí àwọn ẹranko wọ̀nyí yóò sá sí.

Ìbẹ̀rù igbó kì í sì í ṣe ti ẹranko mọ́. Ní òpin oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan padà sílé láti Emùré lọ́nà, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà àti àwọn olùkọ́ wọn wọ igbó lọ. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí àwọn ọmọ náà tó gba ìdásílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyá tí ó ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sóko láìwo ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ rin ọ̀nà yìí kò gbọdọ̀ dá a rìn. Kí àwọn ènìyàn pọ̀ díẹ̀. Kí ọmọ ìlú wà láàárín wọn. Kí wọ́n sì béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, àwọn ọdẹ, tàbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 2020. Bí wọ́n bá sọ fún wọn pé kí wọ́n padà, kí wọ́n padà. Òkè kò ní sá lọ.

Àní òkè ni ó ń kí arìnrìn-àjò káàbọ̀ sí Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́sunta àti Òròlé, òkúta ńláńlá méjì, yọrí sókè ju òrùlé gbogbo lọ, wọ́n dán, wọ́n dúdú, omi òjò sì fa ilà sí wọn lára bí ẹni kọ ilà ojú. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé abẹ́ ilẹ̀ ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti dì, ó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí òjò àti afẹ́fẹ́ fi ń ṣí iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn ará ìlú ń ṣe ọdún Ọlọ́sunta. Nítorí náà, àlejò kì í kàn sọ ẹsẹ̀ lé e bí ẹni gun àtẹ̀gùn ilé ìtajà. A máa gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé.

Láti Ìsẹ̀ ni ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú gbogbo ẹni tí ó tọ ọ̀nà yìí ti wá. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé, níbi tí ó ti ń gbẹ́ ère fún Arínjalẹ̀. Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pè é. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ àti ilẹ̀kùn kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, òyìnbó aṣojú ìjọba sì ń bọ̀ wá kí i. Ọba jókòó; òyìnbó wà lórí ohun tí àwọn ènìyàn fi ń gbé e; àwọn tí ó gbé e àti àwọn tí ó ru ẹrù nìkan ni ó fi ẹsẹ̀ rìn. Ọlọ́wẹ̀ tí òun náà mọ ìrìn ẹsẹ̀ kò gbàgbé wọn.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga oyè tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ògògà. Ó ṣòro láti pe èyí ní pàṣípààrọ̀ tí ó dọ́gba. Wọ́n lè kan irú àga bẹ́ẹ̀ mìíràn. Ta ni yóò tún gbẹ́ ilẹ̀kùn náà? Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin, èyí tí ọba jókòó tí olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gọgọrọ, wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí. Ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí ó ti etí òkun dé lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ọmọ Ìsẹ̀ tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ ará ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìwé ìrìnnà, owó ọkọ̀ òfúrufú, àti àṣẹ òyìnbó.

Fún ẹni tí 20 kìlómítà bá pọ̀ jù fún, láti Ìsẹ̀ sí Emùré kò tó 10, ìyẹn kò sì le rárá. Ọ̀nà yòówù kí àwọn arìn yàn, bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, wọn yóò pàdé àwọn obìnrin tí ó ru iṣu àti epo, tí wọ́n ń rìn kánkán láìmi ọrùn. Àwọn obìnrin náà yóò kí wọn kú ìrìn. Wọn yóò wo bàtà wọn, wọn yóò wo ọwọ́ wọn tí kò mú nǹkan kan dání, wọn yóò sì fi àánú béèrè ibi tí mọ́tò wọn ti bàjẹ́ sí.