Nígbà Tí Gééjì Epo Bá Ń Purọ́

Ẹ̀yin arábìnrin mi, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ gééjì epo inú ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ kì í tó ogún ọdún kí ó tó tú. Ibi tí ó ń tú sí ni ó ń kọ ìyá ọmọ lóminú: ojú títì márosẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ ń sunkún, tí abẹ́rẹ́ sì ń wí pé epo ṣì ku ìdajì. Ó yẹ kí obìnrin tí ń wakọ̀ mọ bí a ti ń wádìí ọ̀ràn yìí, bí kò tilẹ̀ ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe.

Nínú táǹkì ni fùlóòtù wà, ohun fífúyẹ́ tí ń léfòó lórí epo bí igbá lórí omi. Bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀ ni òun náà ń lọ sílẹ̀, ìyẹn ni ó sì ń pinnu bí iná tí ń kọjá yóò ti pọ̀ tó. Wáyà kan gbé ìròyìn náà lọ bá abẹ́rẹ́ níwájú awakọ̀. Òmíràn so táǹkì mọ́ irin ara ọkọ̀, kí iná lè rí ọ̀nà padà sí bátìrì.

A kì í fún ọmọ ní oògùn láì béèrè ibi tí ń dùn ún. Bí abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó náà bá kú, fíùsì ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ti epo nìkan bá ni, kí rewáyà tú wáyà orí táǹkì, kí ó fi kan irin ara ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí ó jìnnà sí ẹnu táǹkì. Bí abẹ́rẹ́ bá sáré lọ sí ìpẹ̀kun kan, ara òun àti wáyà rẹ̀ le. Inú táǹkì tàbí wáyà tí ó so ó mọ́ ara ọkọ̀ ni àrùn wà. Bí kò bá mira, wáyà tàbí gééjì fúnra rẹ̀ ni. Fùlóòtù tí ó lu, tí epo sì kún inú rẹ̀, yóò rì. Táǹkì ìbáà kún, abẹ́rẹ́ yóò máa wí pé ó ṣófo.

Ní ti ọkọ̀ ilé wa, ẹnìkan ti ní kí a ra gééjì tuntun. Rewáyà dán wáyà wò, abẹ́rẹ́ sì fò sókè. Nígbà tí ó ṣí abẹ́ àga ẹ̀yìn, wáyà tí ó so táǹkì mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà. Ó ha á, ó tún un dè, ọ̀ràn parí. Owó gééjì di owó bàtà ọmọ.

Kí a tó rí i tún ṣe ńkọ́? Púpọ̀ nínú Volkswagen Ìjàpá tí a ṣe ṣáájú ọdún 1961 kò ní gééjì rárá. Igi ni awakọ̀ fi ń wọn epo inú táǹkì. Ẹ rọ epo kún, kí ẹ kọ iye kìlómítà sínú ìwé. Bí lítà 40 bá gbé yín rin kìlómítà 400, ẹ wá ilé epo kí ó tó pé 300.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìṣáná, àbẹ́là tàbí àtùpà yọjú wo inú táǹkì láéláé; oru epo bẹntiróòlù ni iná ń ràn mọ́, a kì í sì í fi ojú rí i. Ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí ilé ìdáná tàbí sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ nínú ọkọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; kí ìyá ọmọ fi ojú tirẹ̀ ṣọ́ epo àti ọmọ pọ̀.