Asà ara Owó Wúrà

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé opó àgbàlagbà kan ni a wọ̀ sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó gbé owó wúrà kan síwájú wa, èyí tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó fẹ́ tà á láti fi san gbèsè, ó sì bèèrè owó ọba tí í ṣe.

Lẹ́tà etí rẹ̀ ti pa rẹ́ tán, àfi E àti D. Ọba dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, ó di idà àti asà mú. Bí a ti rí òdòdó lílì ní igun òkè asà náà, a kò wo ibi tí ó kù. A dáhùn pé, “Ti ọba Faransé ni, Ìyá.” Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, nítorí títí ọkọ rẹ̀ fi kú ni ó ń wí pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ín.

Oorun kò kùn wá. Ní òwúrọ̀ a tún asà náà wò. Ọ̀nà mẹ́rin ni a pín in sí: lílì wà nínú méjì, kìnnìún Gẹ̀ẹ́sì wà nínú méjì. Ní 1340 ni Edward Kẹta, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba Faransé, pe ara rẹ̀ ní ọba ilẹ̀ méjèèjì. Ní 1344 ni a sì kọ́kọ́ ṣe irú owó yìí, tí iye rẹ̀ jẹ́ ṣílè mẹ́fà àti kọ́bọ̀ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n Edward Kẹrin pẹ̀lú ń bẹ. Lílì ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: nígbà ti ìṣáájú, a fọ́n ọn ká bí irúgbìn, nígbà ti ìkẹyìn, mẹ́ta péré ni. Tiwa ju mẹ́ta lọ nínú ìdá kan. Ti Edward Kẹta ni.

Asà dàbí oríkì: ó ń ki ilé baba, ó ń ki ilé ìyá. Ẹni tí ó gbọ́ ìlàjì rẹ̀ yóò ṣi ọmọ pè. Síbẹ̀ oríkì nìkan kò fi ni jọba. A kò dé Edward ládé ní Faransé rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di 1801 ni lílì fi wà lórí asà àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì.

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá. Ó ta owó náà síbẹ̀, nítorí gbèsè kò mọ ọba. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọkọ òun kò purọ́. Láti ìgbà náà, bí ọmọ ilé-ìwé wa bá yára dáhùn, a máa ń bi í pé, “Ǹjẹ́ o ti wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?”