Róbọ́ọ̀tì Tí Ó Ń Dọ̀bálẹ̀

Láti oṣù kejì ọdún 2022 títí wọ oṣù kẹwàá ọdún náà ni àwa olùkọ́ yunifásítì fi wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Bàbá ń bẹ nílé, kò rí ẹni tí yóò kọ́. Ọmọ ń bẹ nílé, kò rí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Àbíkẹ́yìn mi, tí ó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ, kó pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wáyà àti síkúrúù jọ sórí tábìlì tí ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lé nínú ilé wa ní Ìbàdàn, ó ní òun fẹ́ kan róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó má ṣáà ba tábìlì jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa róbọ́ọ̀tì nígbà náà kò ju ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá lọ: pé inú eré onítàn tí Karel Čapek, ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ ní ọdún 1920 ni ó ti bọ́ sẹ́nu aráyé, àti pé inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ àfipáṣe tí àwọn tálákà ń ṣe fún onílẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Iṣẹ́ ìwọ̀fà tiwa fi díẹ̀ jọ ọ́. Irú ìmọ̀ tí àwa onímọ̀ èdè máa ń ní nípa nǹkan nìyẹn: a mọ orúkọ, a kò mọ ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹranko náà tó parí. Oríkèé méjì ni ó wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan ní orúnkún, inú oríkèé kọ̀ọ̀kan sì ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àbíkẹ́yìn mi ń pè ní sáfò. Sáfò náà kò tó páálí ìṣáná, gíráàmù mẹ́sàn-án péré sì ni ìwọ̀n rẹ̀. Mọ́tò kan ń bẹ nínú rẹ̀ (n kò sọ mọ́tò tí a ń wọ̀ lọ sí Èkó), jíà wẹ́wẹ́ tí a fi ike ṣe ń bẹ níbẹ̀ tí ń gba eré lọ́wọ́ mọ́tò tí ó sì ń fi agbára dípò rẹ̀, aṣọ́nà kan sì wà tí ń wo ibi tí apá ẹ̀rọ náà yí dé. Ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọpọlọ róbọ́ọ̀tì, èyí tí í ṣe pátákó Arduino kan, ń ránṣẹ́ sí sáfò pé ibi báyìí ni kí ó wà. Bí nǹkan bá tì í kúrò níbẹ̀, yóò jà títí kí ó lè padà. Kò mọ bí a ti í sọ pé ẹrù yìí ju òun lọ. Bí ẹrù bá jù ú lọ, á gbóná, á sì jóná síbi tí ó ti ń jà.

Ọmọ Yorùbá ṣá ni àbíkẹ́yìn mi. Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ́ róbọ́ọ̀tì rẹ̀ ni ìdọ̀bálẹ̀. Bí a bá ti tàn án, ó gbọ́dọ̀ na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó fi àyà kan ilẹ̀, kí ó tó dìde rìn. Ó pe èmi àti ìyá rẹ̀ wá wòran. Róbọ́ọ̀tì dọ̀bálẹ̀, inú wa dùn. Ó gbé àyà sókè díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń kùn bí oyin, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó tún fẹ́ dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó tó o, ọmọ dáadáa, a ti gbọ́, dìde." Ó dọ̀bálẹ̀ nígbà méje kí a tó gbóòórùn ike tí ń jó. Sáfò méjì ti kú.

Ọmọ náà ní sáfò tí òun rà ni kò lágbára, kí n bá òun ra mẹ́jọ mìíràn tí ó tóbi. Owó rẹ̀ kò kéré, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó oṣù fún wa lásìkò náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àgbàlagbà ọmọ tí ń ṣeré ọmọdé, tí n kò ní í tún sọ tán níhìn-ín. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú páálí, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, bí ó bá ti rí mi láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ń kí mi bí ẹni tí ń san gbèsè.

Ní ọjọ́ kẹrin mo ní kí ó gbé páálí náà wá. Mo ní, "Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní Yorùbá, má fi Gẹ̀ẹ́sì kankan lú u." Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ ọ lédè. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ẹ́, èyí ni ọ̀nà tí mo mọ̀ ọ́n gbà.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní torque. Ó họ orí títí. Nígbà tí ó yá, ó bu omi kún ìgò kan, ó ní kí n gbé e mọ́ àyà. Mo gbé e. Ó ní, "Ẹ wá na ọwọ́ yín gbọọrọ pẹ̀lú rẹ̀." Mo nà án. Kò pẹ́ kò jìnnà, apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ti ẹranko onípákó yẹn. Ó ní, "Omi náà kò pọ̀ sí i, Bàbá. Ọ̀nà ni ó jìn." Mo bá a wá ọ̀rọ̀ kan, mo ní kí a pè é ní ipá ìyí. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n a rí ohun lò.

Láti ibẹ̀ ni ìṣirò ti rọrùn. Sáfò kékeré yẹn lè gbé kílò kan àti gíráàmù 800 bí ẹrù bá wà ní sẹ̀ǹtímítà kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gbọọrọ tí ọmọ náà gé, nítorí pé ó fẹ́ kí ẹranko rẹ̀ lẹ́wà, ń tẹ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án sí ìbàdí. Níbẹ̀, gíráàmù 200 ni sáfò kan náà lè gbé mọ. Gíráàmù 640 sì ni gbogbo ara róbọ́ọ̀tì. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró, 160 ni ó kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bí ẹsẹ̀ méjì bá dá a gbé, 320 ni, ó pa á. Àwọn sáfò ńlá tí ó ń tọrọ ìbá gbé e, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n gíráàmù 55 ni ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́jọ wọn jẹ́ 440, níbi tí àwọn kékeré ti jẹ́ 72. Pákó yóò ní láti nípọn sí i, bátìrì yóò ní láti tóbi sí i, ìyẹn náà yóò sì tún di ẹrù.

Mo wá ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí n wò ó. Ó wò mí bóyá mò ń ṣàwàdà. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí ó dìde. Ó kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ àyà, ó fa orúnkún sábẹ́ ikùn, ó dìde. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò fi apá àti ẹsẹ̀ tí o nà sílẹ̀ yẹn dìde?" Ó ní, "Ta ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?" Kó tó sọ ọ́ tán ni ó ti rí i. Ó tún padà dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń dìde díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbà. Ìyá rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó bi wá léèrè ohun tí ọmọ ṣe tí mo fi ń fìyà jẹ ẹ́.

Ó gé itan láti sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́rin, ó gé ojúgun láti méje sí márùn-ún. Bátìrì tí ó wà ní ẹ̀yìn, tí gbogbo rẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ni ó gbé wá sí agbedeméjì ikùn. Ìwọ̀n ẹranko náà sọ̀ kalẹ̀ sí 560. Ó yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà: láti orí ìdọ̀bálẹ̀, kí ó kọ́kọ́ kó ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ ara, kí ó tó ti ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ sí ìbàdí nígbàkígbà. Níbẹ̀, sáfò lè gbé 450, ohun tí ó sì lè kàn án kò ju 280 lọ. Ó ń ráhùn pé ẹsẹ̀ kúkúrú kò bójú mu. Mo tọ́ka sí ère ìbejì tó wà lórí pẹpẹ ìwé mi, mo ní àwọn agbẹ́gilére wa kò ka ẹsẹ̀ kúkúrú sí àbùkù. Ó wò ó dáadáa, ó ní, "Ṣùgbọ́n ó tẹ orúnkún, Bàbá. Bí sáfò bá dúró báyìí, á jóná. Igi kì í rẹ̀ ẹ́ ni." N kò rí èsì fún un.

Ìṣòro iná ló kù, òun sì ni ó yà mí lẹ́nu jù. Láti ara pátákó ọpọlọ ni gbogbo sáfò ti ń jẹun. Nígbà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ń jà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè fẹ́ ju áńpíà mẹ́rin lọ, ohun tí pátákó lè fún wọn kò sì tó ẹyọ kan. Iná á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á dákú, á jí padà, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ìdọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ìgbà méje tí a ń rẹ́rìn-ín sí kì í ṣe ìkíni rárá; dákúdájí ni. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà díẹ̀.

Ó ra bátìrì mìíràn fún àwọn sáfò. Ṣùgbọ́n bí ó ti so ó tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà gìrìgìrì bí ẹlẹ́gùn. A gbé e lọ bá atúnrédíòṣe kan ládùúgbò wa. Ó tẹjú mọ́ wáyà náà, ó bi wá pé, "Ṣé àwọn méjèèjì mulẹ̀?" Wáyà ilẹ̀ ni ó ń sọ: bátìrì méjèèjì kò ní ilẹ̀ kan náà, sáfò kò sì rí ibi tí yóò ti wọn ohun tí ọpọlọ ń sọ fún un. Wáyà ẹyọ kan ni ó fi so wọ́n pọ̀. Kò gbowó.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà iná ìjọba ti lọ, a tan fìtílà. Róbọ́ọ̀tì dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fa ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ ara, ó dìde, kò kùn. Ó gbé ẹsẹ̀ méje lórí tábìlì, ó kọlu agolo iyọ̀, ó dúró. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Àbíkẹ́yìn mi kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka kan oríkèé kọ̀ọ̀kan wò. Ó ní ti orúnkún òsì ẹ̀yìn ṣì ń gbóná díẹ̀, ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò tún un tú.