Èéfín Òkè Nyiragongo

(Kúnlé, nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ìbàdàn láti ìlú Goma ní ilẹ̀ Kóńgò. Òun àti Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀.)

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Kúnlé, káàbọ̀ o. A dúpẹ́ pé o dé láyọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé o tún fẹ́ padà lọ sí ìdí òkè oníná yẹn.

KÚNLÉ: Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Mò ń padà lọ. Nyiragongo lorúkọ òkè náà, kò sì ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ sí àárín ìlú.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Kí ló dé tí àwọn ará ibẹ̀ ò kó kúrò?

KÚNLÉ: Ilẹ̀ baba wọn ni. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, adágún Kivu wà níwájú wọn, ogun sì ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn wá síbẹ̀ láti abúlé. Ohun tí mo fẹ́ ká máa bèèrè ni pé, ta ló ń bá wọn ṣọ́ òkè náà?

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ òkè?

KÚNLÉ: Àwọn onímọ̀ ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Wọ́n tún ń wọn èéfín rẹ̀, èyí ló sì wọ̀ mí lọ́kàn jù. Gáàsì wà nínú àpáta yíyọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bí àpáta náà ṣe ń gòkè bọ̀ ni gáàsì ń tú jáde lára rẹ̀. Carbon dioxide ló ń kọ́kọ́ jáde, láti ìsàlẹ̀ jíjìn. Gáàsì imí-ọjọ́ ní tirẹ̀, ó dìgbà tí àpáta bá sún mọ́ ojú ilẹ̀. Tí carbon dioxide bá wá ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ imí-ọjọ́, ó ṣeé ṣe kí àpáta tuntun ti máa bọ̀.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ta ló wá ń gbé òṣùwọ̀n lọ sí ẹnu iná?

KÚNLÉ: Àwọn kan ń lọ, ẹ̀mí sì ti bá a lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1993, òkè Galeras ní Kòlóńbíà bú gbàù nígbà tí àwọn onímọ̀ wà lórí rẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án kú, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ onímọ̀. Ìdí nìyẹn tí wíwọ̀n láti òkèèrè fi dára. Ẹ̀rọ kan wà tó ń kọjú sí ọ̀run. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú wa kò lè rí, gáàsì imí-ọjọ́ sì máa ń gbé e mì. Ẹ̀rọ náà á wo ọ̀run láti ìhà kan dé ìkejì, á mọ ibi tí ìtànṣán náà ti dín àti bó ṣe dín tó. Wọ́n á fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tó ṣírò rẹ̀, wọ́n á sì mọ iye tọ́ọ̀nù tó ń jáde lójúmọ́.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Tí wọ́n bá ṣi ti afẹ́fẹ́ yẹn wọ̀n ńkọ́?

KÚNLÉ: Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé jù. Tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹ̀rọ náà ò ríran mọ́.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ó kéré tán, tí èéfín bá dín kù, ọkàn èèyàn á balẹ̀.

KÚNLÉ: Rárá o, Àǹtí! Ẹ wo òkè Pinatubo ní Philippines. Ní oṣù Karùn-ún 1991, gáàsì imí-ọjọ́ rẹ̀ ròkè láti nǹkan bí 500 tọ́ọ̀nù lójúmọ́ dé 5,000. Lẹ́yìn náà ló já wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ fura pé ọ̀nà tí gáàsì ń gbà jáde ló dí. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò, òkè náà sì bú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ì bá ti kú.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ṣé wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará Goma bẹ́ẹ̀?

KÚNLÉ: Mi ò ní tàn yín. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2021, Nyiragongo là lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ṣàn dé etí ìlú, nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn sì kú. Kò sí ìkìlọ̀ tó ṣe kedere ṣáájú.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Kí wá ni àǹfààní gbogbo wíwọ̀n yẹn?

KÚNLÉ: Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bíi nọ́ọ̀sì. Tí mi ò bá mọ bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń ru nígbà tí ara yín le, iye tí mo bá wọ̀n lónìí ò ní yé mi. Bí òkè náà ṣe rí nìyẹn. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wọ̀n ọ́n láìdáwọ́ dúró. Gáàsì yìí kì í sì í dúró de ìgbà tí òkè bá bú. Carbon dioxide ń yọ láti inú ilẹ̀ ní àdúgbò Goma, mazuku ni wọ́n ń pè é. Kò ní àwọ̀, kò rùn, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú kòtò ló ń rọ̀gún sí. Ewúrẹ́ á wọ kòtò lọ jẹko, kò ní jáde mọ́. Àgbàlagbà tó dúró ṣì lè máa mí níbi tí ọmọdé ti máa dákú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Háà! Ṣé irú èyí tó pa èèyàn ní Kamẹrúùnù nígbà kan nìyẹn?

KÚNLÉ: Gáàsì kan náà ni. Láti inú adágún Nyos ló ti jáde, ní oṣù Kẹjọ 1986. Èèyàn tó lé ní 1,700 ló pa, kò sì jìnnà sí ààlà tiwa.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Tí ogun ò bá wá jẹ́ kí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ ńkọ́?

KÚNLÉ: Sátẹ́láìtì Sentinel-5P ń wo gáàsì imí-ọjọ́ láti òkè láti ọdún 2017. Ṣùgbọ́n kò lè rí mazuku nínú kòtò ẹ̀yìnkùlé. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ gbé òṣùwọ̀n dé ibẹ̀.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Kí ìjọba wọn àti àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ má jẹ́ kí owó iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn dúró o. Ìwọ náà, má gba inú kòtò kọjá.