Ohùn Tí Iná Kò Jó

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Decca bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ́pẹ́rà Ring ti Wagner, èyí tí Georg Solti darí, gbé jáde ní ọdún 2022, àwo rẹ̀ àtijọ́ ti wà nílé mi. Kí ló dé tí n ó fi ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì?

Gbọ̀ngàn Sofiensaal ní ìlú Vienna ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀ láàárín ọdún 1958 sí 1965. Kirsten Flagstad, tó kọ orin Fricka ní 1958, jáde láyé ní 1962. Iná jó gbọ̀ngàn náà ní 2001. A lè tún ilé kọ́. Ta ni yóò pe Flagstad padà? Téèpù ló kù, téèpù náà sì ń gbó.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi kó ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lákọ̀tun, tí wọ́n ń wọn ìró náà ní ìgbà 192,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ yìí kò fi adùn kún ohùn olóògbé náà. Eruku ojú rẹ̀ ló nù kúrò. Bí fèrè bá dákẹ́ nísinsìnyí, mo ń gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń yí gbọ̀ngàn náà ká kó tó pòórá.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi san owó náà. Ohun tí ikú àti iná kò bá rí gbà lọ́wọ́ wa, ó yẹ ká tọ́jú rẹ̀.