"Permission" Ni Wọ́n Ń Wá, "Absence" Ni Ilé-iṣẹ́ Kọ

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kan láàárín wa tí ẹbí rẹ̀ kò tíì bi pé: "Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ nìkan lo máa fi ṣe ni?" Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ fi ojú-ìwé Yorùbá wa yìí sọ ohun tí mo bá pàdé nígbà tí mo ṣe stage oṣù mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ kan ní Kùtọnu. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Sìmẹ́ńtì, irin àti páànù ni wọ́n ń tà. Àwọn ọ̀gá wà ní Kùtọnu, ilé ẹrù wọn sì wà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ ni kí á tún intranet wọn ṣe.

Intranet dà bí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń rí ìwé owó-oṣù rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tọrọ ìsinmi, ibẹ̀ náà ni ìkéde àwọn ọ̀gá máa ń wà. Ti ilé-iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí, bí wọ́n ṣe pín ilé-iṣẹ́ sí ẹ̀ka ni wọ́n ṣe pín in. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ìsinmi yóò kọ́kọ́ tẹ "Direction des ressources humaines", yóò tẹ "Administration du personnel", yóò tẹ "Gestion des absences", lẹ́yìn náà ni yóò tó kan "Imprimés". Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni, ẹni tó mọ ilé náà nìkan ló mọ èyí tí yóò kàn.

Àwọn ọ̀gá rò pé àwọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n fẹ́ kí á fi àwọ̀ tuntun kùn ún, kí á fi àwòrán sí i, kí ó máa dán. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ ló sọ pé kí á kọ́kọ́ lọ wo bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń lò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀: ó nílò ẹni tó lè bá àwọn ará ilé ẹrù sọ Yorùbá àti Gun.

Ẹ ó rántí Labov. Ní oṣù November 1962, ó wọ ilé ìtajà ńlá mẹ́ta ní New York, Saks, Macy's àti S. Klein, ó ń béèrè ibi tí ọjà kan wà, ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé àjà kẹrin ló wà. Àwọn òṣìṣẹ́ á dá a lóhùn pé "fourth floor", òun á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á tún un sọ. Wọn kò mọ̀ pé ìró r ẹnu wọn ló ń tẹ́tí sí. Ká ní ó bi wọ́n pé "Ṣé ẹ máa ń pe r?", ìdáhùn mìíràn ni ì bá gbà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nípa ìtàkùn òṣìṣẹ́. Ní Àjàṣẹ́, a kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. "Ó dára, ó dára púpọ̀," ni gbogbo wọn ń wí. Ta ni yóò bu iṣẹ́ ọ̀gá lójú àlejò tó ti Kùtọnu wá? Nítorí náà a fi ìbéèrè sílẹ̀, a gbé iṣẹ́ fún wọn: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ìwé owó-oṣù tó kọjá jáde." Lẹ́yìn èyí a dákẹ́, à ń wò, à ń kọ ibi tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀.

Dídákẹ́ yìí kò rọrùn fún ọmọ Yorùbá. Àgbàlagbà ń wá nǹkan níwájú rẹ, kò rí i, ìwọ sì jókòó, o ká ọwọ́ gbera! Mo ní láti máa tọrọ àforíjì kí á tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ má bínú o, mi ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ là ń dán wò, kì í ṣe ẹ̀yin." Kò sí ìwé tó kọ́ mi ní gbólóhùn yìí, àmọ́ láìsí i, iṣẹ́ náà kò ní ṣeé ṣe.

Kétu ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń ṣètò ẹrù. Ìyá rẹ̀ kú, ó sọ fún olórí ilé ẹrù, ìyẹn gbà fún un, ó lọ sin ìyá rẹ̀. Nígbà tí owó-oṣù dé, wọ́n ti yọ ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, torí pé kò sí nǹkan kan lórí intranet tó fi hàn pé ó gba àyè. Mo ní kí ó fi ibi tí ì bá ti tọrọ àyè hàn mí. Ó wá a títí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú rẹ̀ bá "Gestion des absences", ẹ̀ẹ̀mejì ló fò ó. Mo béèrè ìdí rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó sá níṣẹ́ sí nìyẹn. Èmi kò sá níṣẹ́. Permission ni mo gbà."

Ẹ jẹ́ kí á dúró síbí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ nìyí. Lójú ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, "absence" jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá tó kó àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn sábẹ́: ìsinmi ọdọọdún, àìsàn, ìbímọ, ìsìnkú. Kò ní ìbáwí kankan nínú. Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀sùn ni. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn ló ṣe "absence". Ẹni tó gba "permission" wà ní òdìkejì rẹ̀ pátápátá: ó bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, ó tọrọ, wọ́n fún un. Faransé kan náà ni wọ́n jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan fi ṣe ìyá, èkejì fi ṣe ọ̀tá. Owó ọjọ́ mẹ́ta sì wọ àárín wọn lọ.

Lẹ́yìn èyí a ge ìwé pélébé bí 40, a kọ ohun kan tí òṣìṣẹ́ máa ń wá sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ní kí wọ́n kó èyí tó bá jọra pọ̀, kí wọ́n sì sọ òkìtì kọ̀ọ̀kan lórúkọ ní èdè tó bá wù wọ́n. Àwọn ará Kùtọnu kó tiwọn jọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́. Àwọn ará ilé ẹrù kó tiwọn gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn: "Nǹkan owó", "Nǹkan ọkọ̀", "Nǹkan ilé mi". Obìnrin kan ní Àjàṣẹ́ kó ìwé ìsinmi aláboyún, ìwé owó ìrànwọ́ ọmọ àti ìwé ìbí pọ̀, ó sì pe òkìtì náà ní "Ọmọ". Ẹ̀ka mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí intranet. Lójú tèmi, "Ọmọ" yẹn dára ju gbogbo ohun tí àwa fúnra wa dábàá lọ.

Ní ti iye ènìyàn, onímọ̀ kọ̀ǹpútà wa fẹ́ràn ohun tí Jakob Nielsen kọ ní 2000, pé ènìyàn 5 ti tó láti fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe ìtàkùn kan. Nielsen kan náà sọ pé bí àwọn tó ń lò ó bá jẹ́ oríṣi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí á mú mẹ́ta mẹ́ta nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Mo fi èyí bá a jà títí ó fi gbà kí á dé Ṣábẹ̀ẹ́.

Ìwádìí kan tún wà tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n máa kà ní ẹ̀ka wa. Furnas, Landauer, Gomez àti Dumais ló ṣe é, ó jáde ní 1987. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn méjì bá fẹ́ sọ ohun kan lórúkọ, kò tó ìdá 20 nínú 100 ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan náà yóò wá sí wọn lọ́kàn. Ohun tí wọ́n dábàá ni pé kí ẹ̀rọ gba orúkọ púpọ̀ fún ohun kan. Àpótí ìwákiri ti intranet wa kò gba ju orúkọ kan lọ, kò tilẹ̀ gba "conge" láìsí àmì lórí e. Àwa tí àmì ohùn ti fi ojú wa rí màbo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń fi àmì sí nǹkan lórí fóònù! Ọ̀sán kan péré ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi tún ìyẹn ṣe. A wá kó ọ̀rọ̀ sí i: permission, deuil, enterrement, repos.

Ìgbà tí mo fẹ́ fi "ìsìnkú" àti "owó-oṣù" kún un ni àríyànjiyàn dé. Ọ̀gá kan ní Faransé ni èdè ìjọba, ó wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1990. Òótọ́ ni, abala 1 ni. Mo fi pẹ̀lẹ́ rán wọn létí abala 11, tó ní gbogbo ẹ̀yà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló ní òmìnira láti lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Ibi tí a fi parí rẹ̀ sí ni pé ojú-ìwé yóò wà ní Faransé, àmọ́ àpótí ìwákiri yóò gba Yorùbá, Gun àti Fọn. Kíkọ ta ni kí á wá lò, ɛ àti ɔ ti Bẹ̀nẹ̀ ni, àbí ẹ àti ọ ti Nàìjíríà? A jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé, títí kan e àti o lásán.

"Gestion des absences" ti di "Permissions et congés", ó sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ohun tí a kò rí yanjú ni pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ilé ẹrù kọ̀ọ̀kan, orí tábìlì olórí ló sì wà. Àwọn ọ̀gá kò tíì gbà kí wọ́n máa fi fóònù wọ intranet nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rù olè ń ba àwọn. Nítorí náà WhatsApp ni wọ́n ṣì ń fi sọ èyí tó pọ̀ jù.

Ní ti bàbá Kétu, a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìròyìn wa láìdárúkọ rẹ̀, a sì kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ nípa owó náà, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: wọ́n ti san ọjọ́ méjì, òun ṣì ń bá wọn fa ti ẹ̀kẹta.